ÀRỌ́KIN TUNTUN: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ SINIMÁ, ÀWO ORIN ÀTI ÌWÉ ALÁWÒRÁN

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò wa ní ìpàdé oṣooṣù)

 Nígbà tí Akọ̀wé kéde orí ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lónìí, a gbọ́ pé àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n bèèrè pé kí ni ó pa àlùfáà tí ó sì tún jẹ́ olùkọ́ àwọn olùkọ́ pọ̀ mọ́ sinimá, orin ijó àti ìwé tí àwọn ọmọdé ń wo àwòrán inú rẹ̀. A kò bínú sí ẹ̀rín náà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ fún wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìtẹ́ yín ju bí ó ti kan àga olùkọ́ lọ.

Láìpẹ́ yìí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ìwé kan lórí Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ dára jù. Wọ́n mọ irú ẹ̀wù tí ó wọ̀, wọ́n mọ bí ojú rẹ̀ ti ń rí nígbà tí inú bá ń bí i, wọ́n mọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń rìn ní ìgboro. Nígbà tí a bèèrè ibi tí wọ́n ti rí gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó dárúkọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Johnson kọ. Ẹni méjì péré ni ó ti ka eré Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1972. Inú sinimá House of Ga'a ni àwọn yòókù ti rí i, èyí tí ó jáde ní 2024, tí wọ́n sì wò lórí fóònù wọn lóru. Ọdún 1774, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ààfin mọ ohun tí a ń pè ní àrọ́kin. Nígbà àwọn baba wa, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ayé ọba kan ti rí, ọ̀dọ̀ àrọ́kin ni yóò lọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó ga ju kí ó jókòó tì wọ́n lọ. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní ìlú òyìnbó sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ẹ wo bí ó ti kù díẹ̀ kí ẹnu àwọn àrọ́kin wọ̀nyẹn dákẹ́ títí láé! Ohun tí a wá sọ lónìí ni pé àrọ́kin kò tíì kúrò nílẹ̀. Ó ti pààrọ̀ aṣọ ni. Sinimá, àwo orin àti ìwé aláwòrán ni àrọ́kin tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí, ohun tí ó bá sì sọ fún wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Nítorí náà, irú ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àrọ́kin ni ó yẹ kí ẹ bi òun náà: ṣé òótọ́ ni, ṣé ẹnu rẹ̀ sì mọ ọ̀rọ̀í sọ?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá ni àwa jẹ́ sí nǹkan wọ̀nyí. A fẹ́ràn wọn. A ti fẹ́ràn wọn láti ìgbà tí àwọn òṣèré ti ń gbé ẹ̀rọ sinimá sínú ọkọ̀ wá sí àwọn ìlú wa, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, tí àwa ọmọdé sì ń du ibi tí a ó jókòó sí nílẹ̀ níwájú. Ẹni tí ó bá sì sọ pé iṣẹ́ kèfèrí ni, kí ó rántí ibi tí ó ti ṣẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà, inú ìjọ Aládúrà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, ìtàn Ọgbà Édẹ́nì ni ó sì kọ́kọ́ fi ṣeré. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò ní Édẹ́nì bọ́ sí ìgboro. Ní 1945, ó fi ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ṣe eré. Ní 1964, ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ìjọba kì í fi òfin de ohun tí kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tí a fẹ́ràn jù lọ àti ìdí rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Adébáyọ̀ Fálétí kan náà kọ ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ìtàn àwọn ìlú Òkè-Ògùn ni, bí wọ́n ti wà ní ìsìn lábẹ́ ọba alágbára kan, àti bí Àjàyí ọmọ Olókùn Ẹṣin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dìde láti já ara wọn gbà. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sọ ìwé náà di sinimá, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Ìjà Òmìnira. Sinimá náà kò ní ẹwà ẹ̀rọ bí ti òde òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Òtù tàbí Ìgànná wá, tí ó sì ń gbọ́ àwọn ará oko tí wọ́n ń fi Yorùbá gidi bá ọba wí, yóò mọ̀ pé ìtàn àwọn baba òun ni a ń pa. Àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ wa kì í fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ìsìn Òkè-Ògùn lábẹ́ àwọn ọba ńlá, wọ́n ní ó ń tú ìṣọ̀kan ká. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àrọ́kin tí kò lè sọ ìgbà tí inú ìlú kò dùn, akígbe ọjà lásán ni.

Níti àwo orin, ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ ó sì fi orí jì wá bí a bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a ó dárúkọ ni Àlàbí Ògúndépò ti Ṣakí, oníjàálá. Kí àwo tó dé, nínú oko ọdẹ, níbi ìsìnkú ọdẹ àti níbi ọdún Ògún ni a ti ń gbọ́ ìjálá, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí a wá ká a sínú àwo, ọmọ Òkè-Ògùn tí ó ń ṣe òwò ní Kánò tàbí tí ó ń wa ọkọ̀ ní Èkó jókòó ní yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́ oríkì ìran tirẹ̀, oríkì ẹfọ̀n àti ti erin, láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. A mọ̀ pé àwọn kan níhìn-ín wà lẹ́yìn Ògúndáre Fóyánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti ń mi orí sí wa. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Iyàn tí àwọn àgbà méjì bá ń jà lórí oníjàálá méjì, iyàn tí ó yẹ ilé ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, tí ó kú ní 1983. Ohun tí a fẹ́ràn lára rẹ̀ ni ìfarabalẹ̀. Kò sá eré nínú orin. Ó ń rìn bí ẹni tí ó mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ kò ní í sá kúrò. Ìlù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo tó o. Ní 1971, ó ṣe àwo kan fún ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo, Orókí Social Club. Ẹ̀yin olóyè Ẹgbẹ́ wa, ẹ ronú lórí èyí: mélòó nínú wa ni ó mọ ìpinnu kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní ìpàdé wọn? Síbẹ̀ kò sí ìlú Yorùbá tí a kò ti mọ orúkọ wọn, nítorí pé olórin kan fi ohùn rẹ̀ gbé wọn. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí orúkọ Ẹgbẹ́ yìí yóò fi pẹ́ láyé, ìwé ìròyìn wa nìkan kò ní í tó.

Ẹbenẹ́sà Obey náà wà níbẹ̀. Ní 1973, ó fi ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti ẹṣin wọn ṣe orin, bí gbogbo ayé ti ń bá wọn wí bí wọ́n gun ẹṣin, bí wọn kò sì gùn ún. Ìtàn tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ni, ṣùgbọ́n ó gbé e wọ inú Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà tí kò mọ ìwé yóò fi búra pé abúlé òun ni ó ti ṣẹlẹ̀. A ti rí i pé ìwàásù tí a bá fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí kì í tètè kúrò lọ́kàn ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi orin òde òní han àwa náà. A gbọ́ Asake, a sì gbọ́ fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, a kò sì bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ìlù rẹ̀, ìyẹn nìkan ni àwa rí sọ.

Nísinsìnyí, a fẹ́ bá ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún jiyàn. Ní 1979, Ògúndé gbé sinimá Aiyé jáde, ó sì gbé Jáiyésinmi jáde ní 1980. Ìlú dà wọ́ wò ó. Nínú rẹ̀, Oṣétúrá babaláwo, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ń bá àwọn àjẹ́ jà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀ ga fún ìgbà náà, ijó àti orin rẹ̀ sì mọ́ etí. Gẹ́gẹ́ bí eré, a yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí lẹ́yìn rẹ̀ kò dára. Àwọn olósinimá tí kò ní ìdajì ọgbọ́n Ògúndé rí i pé àjẹ́ ń tà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá ọkọ, opó àti arúgbó tí kò lọ́mọ ṣe ìdí gbogbo àìsàn, gbogbo òṣì àti gbogbo àgàn. Bí ó ti ń lọ nìyẹn fún ogójì ọdún.

Kí ẹ má ṣe sọ pé eré lásán ni. A mọ opó kan ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́, ìyá tí ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ ẹ̀kọ tí ó bá fi ọwọ́ kàn. Nígbà tí a jókòó tì wọ́n tí a sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kò sí ohun tí wọ́n rí. Ojú rẹ̀ ni ó jọ ojú ìyá kan nínú sinimá, ó sì tún máa ń dá sọ̀rọ̀ ní òru. Àdúrà ni ìyá náà ń gbà. Oṣù mẹ́ta ni ó gbà wá kí àwọn ọmọ náà tó tún jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi lọ. Àrọ́kin tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ mú kí ọmọ sá fún ìyá ìyá rẹ̀, ó ti jẹ̀bi, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí a pa ní 1874, kò jìnnà sí èyí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi í ṣe eré tí ó kọ ní ìgbà èwe rẹ̀, eré tí èdè rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣèré fi gbé e káàkiri, tí a sì ṣe sinimá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú eré náà, òǹrorò ni obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ni aṣáájú wọn, ti ṣàlàyé pé ìjà òṣèlú àti ti òwò wà láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà, pé ó lòdì sí ogun àjàjàtán, ó sì jẹ́ ẹni tí ó ń yá àwọn ológun ní ohun ìjà. Lónìí, bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ léèrè ẹni tí Ẹfúnṣetán jẹ́, inú eré ni yóò ti dáhùn. A kò dá oǹkọ̀wé lẹ́bi. Eré ni ó kọ, kò kọ ìwé ìtàn. Àwọn tí ó mọ ìtàn tí wọn kò fi ẹnu sí i nígbà náà ni a ń bá wí.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí kan náà ni ó sì kọ ìtàn sinimá tí a gbé ga ju gbogbo wọn lọ, Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí, tí ó jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun kúrò lórí oyè ìjọba. Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Jogbo. Ẹni tí yóò bá jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlú mulẹ̀, a ó sì sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mulẹ̀, ìlù kan wà tí a so ṣaworo idẹ mọ́. Bí a bá lù ú nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, adé náà ni yóò pa á. Lápitẹ́ kọ gbẹ́rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kó owó jọ. Ó bá àwọn agégẹdú dòwò, wọ́n ń run igbó, àwọn ọ̀dọ́ sì dìde. Fálétí tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe Baba Ọ̀pálábà nínú rẹ̀, àgbà tí ń fi àwàdà sọ òótọ́ fún àwọn alágbára. Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá sì kú ní 2018. Kò sí àwọn méjì tí ó tíì dí àlàfo wọn.

Ìdí tí a fi gbé e ga ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó gbé e dúró, kì í ṣe èéfín àti ìbọn. Ènìyàn lè di ojú rẹ̀ kí ó máa gbọ́ ọ, kò sì ní í pàdánù púpọ̀. Ẹ dán ìyẹn wò pẹ̀lú sinimá mìíràn. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ tún fi í sọ́kàn pé igi ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní Jogbo. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ṣakí sí Ìgbòhò lónìí yóò rí àpò èédú tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí odi, igi òrí sì wà lára àwọn tí a ń sun. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Kèlání darí ní 1993, níbi tí ìjòyè kan ti lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. A gbọ́ pé àwọn olóyè kan kì í fẹ́ wò ó dé òpin.

Ìwé aláwòrán kò ní í gbà wá ní àkókò púpọ̀. Láti àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, West African Book Publishers, ń tẹ ìwé kan tí ń jẹ́ Atọ́ka. Wọn a ya àwọn òṣèré alárìnjó ní fọ́tò bí wọ́n ti ń ṣeré, wọn a tò ó tẹ̀léra wọn, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dàgbà, inú Atọ́ka ni wọ́n ti mọ Yorùbá kà dáadáa, àwọn olùkọ́ wa sì máa ń gbà á lọ́wọ́ wa, wọn a lọ kà á nínú ọ́fíìsì. Ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ní àìpẹ́ yìí, Roye Okupe, ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwé aláwòrán kan tí ń jẹ́ Iyanu, ó jáde ní 2021, ní 2025 ó sì di àwòrán alárìnká lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ọmọbìnrin ni akọni rẹ̀, ilé àti aṣọ inú rẹ̀ jọ tiwa. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ, orúkọ nìkan ni Yorùbá. Ọmọ tí ó ka Atọ́ka ń gbọ́ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka Iyanu ń rí ẹ̀wù ìyá rẹ̀.

Èyí ni ó gbé wa dé ibi tí a ń lọ. Adé Love tí ó fi ìwé Òkè-Ògùn ṣe sinimá kú ní 1996. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ti wá kọ́ abúlé kan fún sinimá ní Ìgbòjàyè, nínú Òkè-Ògùn wa níhìn-ín. Lórí ilẹ̀ wa ni ó ti ṣe Aníkúlápó, tí Netflix gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Bàbá mú ìtàn wa lọ sínú sinimá. Ọmọ gbé sinimá wá bá wa nílé. Àwọn ará Amẹ́ríkà, Bùràsílì àti Jámánì wo pápá wa láti orí ìjókòó wọn.

A fẹ́ràn Aníkúlápó, pàápàá jù lọ òpin rẹ̀, níbi tí Sàró tí ẹyẹ Àkàlà jí dìde ti di agbéraga nítorí àdó tí ó fi ń jí òkú, tí Arólákẹ́ sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òfìfo. Àlùfáà kankan kò lè rí ìwàásù tí ó ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, kí ni iṣẹ́ Sàró? Aláṣọ-òfì ni! Ọkùnrin tí ó wọ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ òfì lọ́wọ́, ìtàn náà sì tètè gbà á kúrò nídìí òfì lọ síbi ìfẹ́ àti oògùn. Bí ẹnìkan nínú àwọn aláṣọ Ìṣẹ́yìn bá ti jókòó ti ẹni tí ó kọ ìtàn náà, ẹ wo ohun tí ì bá rí! Ì bá gbọ́ bí òwú sányán ti ń ti ara kòkòrò inú igbó wá, ìdí tí àlàárì fi pọ́n, bí ẹtù ti gba orúkọ lára ẹyẹ ẹtù, àti èwo nínú wọn ni ọkọ ìyàwó ń wọ̀. Ì bá gbọ́ bí àwọn aláṣọ ti ń bú ara wọn pẹ̀lú àwàdà nídìí òfì. Èdè nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá ìtàn àtijọ́ tí a ń ṣe nísinsìnyí, aṣọ àwọn ará ààfin pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgboro Èkó ni ó ń ti ẹnu wọn jáde, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà kò sì rí àgbà tí yóò bi léèrè.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn olósinimá nìkan. Wọ́n wá sí ilẹ̀ wa, a yá wọn ní ilẹ̀, a tà wọ́n ní èlùbọ́, àwọn ọmọ wa ru igi fún wọn, àwọn mìíràn sì dúró nínú èrò ọjà níwájú ẹ̀rọ. Ta ni nínú wa tí ó fún wọn ní ọ̀rọ̀? Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó wa. Ìgbòhò ni àwọn Aláàfin mẹ́rin ti jọba. Ní 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba àwọn òyìnbó àti àwọn tí ó ń bá wọn ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, a so àwọn ènìyàn kọ́, a sì mú Òkèhò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ibi tí ó wà lónìí. Sinimá tí àwa fẹ́ rí nìyẹn. Yóò wá lọ́jọ́ kan. Bí a kò bá múra sílẹ̀, ẹni tí yóò ṣe é yóò gbọ́ ìtàn náà nínú ìwé tí àwọn aláṣẹ òyìnbó kọ, yóò fi oògùn àti àjẹ́ dí ibi tí ó bá ṣófo, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò bí òótọ́.

Nítorí náà, a ti bá Akọ̀wé sọ ọ́, ó sì ti gbà. Láti oṣù tí ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mẹ́fà yóò máa wá sí gbọ̀ngàn yìí ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ìwé. Ẹni tí ó bá ní àwo ìjálá tàbí ti àpàlà nílé tí ó ti ń dá egbò, kí ó mú un wá kí wọ́n ká a. Ẹni tí ó bá ní Atọ́ka, bí ó tilẹ̀ fà ya, kí ó mú un wá. Àwọn bàbá aláṣọ-òfì láti Ìṣẹ́yìn ni a fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn wọn àwọn ìdílé Òkèhò tí wọ́n mọ ohun tí àwọn baba wọn sọ nípa 1916. A ó tẹ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé ìròyìn yìí, a ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìgbòjàyè. Ẹ̀yin Ọlọ́lá, àga méjì ni ó kù tí a kò tíì rí rà fún àwọn àgbà tí yóò máa jókòó sọ̀rọ̀. Akápò wà lẹ́nu ọ̀nà.